Mo Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Ẹ̀, Mo Sì Tú Àṣírí Ibi Tó Sá Sí

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Inú mọ́tò ni mo wà báyìí, ní parking lot ibi iṣẹ́ mi ní Irving. Lunch break ni, oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo ti ṣe nǹkan kan, ẹni tí mo ṣe é sí wà nínú ilé mi, kò sì mọ̀ pé èmi ni. Ẹ kà á tán ná kẹ́ ẹ tó bú mi.

Set wa ní yunifásítì ṣe reunion ní Dallas níbí lóṣù tó kọjá, èmi ni secretary committee. Àwọn èèyàn wá láti Nàìjíríà, láti London, láti Canada, títí kan àwọn tí a ò fojú rí mọ́ láti ìgbà convocation. Ó dùn gan-an, kò sí ìjà, oúnjẹ kárí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo ṣe é, kì í sì ṣe chairman wa tí kò gbé máìkì sílẹ̀. Àwọn volunteer ló ṣe é, pàápàá obìnrin kan tí màá pè ní Folúkẹ́. Folúkẹ́ ló ń lọ gbé àwọn èèyàn ní airport, á gbé àwọn tàárọ̀ dé hotel, á tún padà sórí freeway lọ gbé àwọn tìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú wa tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wú nínú plane, Folúkẹ́ ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn urgent care, ó jókòó tì í títí wọ́n fi ní kó máa lọ. Gbogbo ijó ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kò bá wa jó.

Nǹkan kan ló bẹ̀ mí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n gbé fótò mi síbì kankan o, má sì dárúkọ mi." Mo ní kò burú. Mi ò bi í pé kí ló dé. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bóyá ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni, tàbí pé kì í kàn ṣe ẹni tó fẹ́ràn ariwo. Ṣé ẹ mọ bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, wọ́n á ní kẹ́ ẹ má ṣe birthday fún àwọn, tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ẹ̀rín ò ní kúrò lẹ́nu wọn? Bí mo ṣe mú un nìyẹn o...

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí, mo kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ fún àwọn volunteer sórí page set wa. Èmi àti Bùkọ́lá tó ń ya fótò fún wa la jọ ń mójú tó page yẹn, orúkọ ẹni tó kọ nǹkan síbẹ̀ kì í hàn. Mo dárúkọ gbogbo wọn, ó wá ku Folúkẹ́. Ọwọ́ mi dúró. Ẹni tó ṣe jù lọ, òun ni kí n wá fò? Fótò ẹ̀ kan wà lára àwọn tí Bùkọ́lá yà, ó gbé báàgì àlejò kọ́ èjìká, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rẹwà! Mo fi í síbẹ̀. Mo kọ orúkọ ẹ̀ ní kíkún, mo ní "our sister from Sachse who drove all of us like family." Ìlú tó ń gbé ni Sachse. Gbogbo ayé ló lè rí page yẹn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "God bless you" sábẹ́ ẹ̀, inú mi ń dùn pé ó máa yà á lẹ́nu.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, màá ní àṣìṣe ni. Kò mọ síbẹ̀.

Ọkùnrin kan kọ̀wé sí page náà, mo fún un ní nọ́mbà mi, ó pè. Ohùn ẹ̀ rọ̀, ó ní sùúrù. "Ẹ káàsán ma, ẹ kú iṣẹ́ reunion o." Ó ní Káyọ̀dé lorúkọ òun, pé àbúrò òun wà lára àwọn tí Folúkẹ́ gbé ní airport, àwọn fẹ́ fi òdòdó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó jẹ́ surprise. Níbo ni káwọn gbé e lọ? Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sọ fún un. Mo sọ orúkọ apartment náà. Mo tún ní kí wọ́n gbé e sí leasing office, ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ilé náà, torí pé ó máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́. Èmi nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń kìlọ̀ fún lójoojúmọ́ pé kí n má sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù! Ó ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Folúkẹ́ pè mí, ó ní òun ti rí fótò òun, kí n bá òun yọ ọ́ kíá. Mo yọ ọ́. Ìgbà yẹn ló tó sọ fún mi. Ọkọ ẹ̀ àtijọ́ ṣẹ́ ẹ lápá lójú ọmọ wọn. Court ti ní kí ọkùnrin náà má sún mọ́ wọn, síbẹ̀ ó ń wá wọn kiri, ìdí nìyẹn tó fi kó wá sí Texas láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi bá wa ṣe reunion. Ó ní, "Ó wù mí kí n wà láàárín àwọn tó mọ̀ mí kí n tó di ìyàwó ẹ̀." Ó wá sọ pé ohùn ọkùnrin náà rọ̀, tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, èèyàn á rò pé pásítọ̀ ni... Mo rántí ohùn ẹni tó pè mí nítorí òdòdó. Ó ní, "Bùkọ́lá ló gbé e síbẹ̀, àbí?" Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Òdòdó dé. Ọkùnrin náà fúnra ẹ̀ ló gbé e wá, ó ń bi àwọn tó wà ní leasing office pé building wo ni Folúkẹ́ ń gbé, ó ní ọkọ ẹ̀ lòun. Wọn ò sọ fún un, Folúkẹ́ ni wọ́n pè. Ó gba school lọ mú ọmọ ẹ̀, ó wa mọ́tò tààrà wá sílé mi ní McKinney. Guest room mi ni wọ́n ń sùn. Ó ń se oúnjẹ fún wa, ó ń fọ abọ́ tí mo bá ní kó fi sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀ máa ń sọ pé "Thank you, Auntie" lórí gbogbo nǹkan, títí kan omi.

Àwọn ọlọ́pàá bi í pé báwo ni ọkùnrin náà ṣe mọ apartment, nígbà tó jẹ́ pé Sachse nìkan ló wà lórí page. Kò mọ̀. Ó ti ń fura sí ẹnì kan níbi iṣẹ́ ẹ̀, ó fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nọ́mbà tí ọkùnrin yẹn fi pè mí sì wà nínú fóònù mi! Ìyẹn ni ẹ̀rí tí wọ́n ń wá! Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi. Ó ní kí n má tíì sọ ọ́, pé tí Folúkẹ́ bá fi ìbínú jáde nílé wa, ibo ló máa gbé ọmọ lọ? Òótọ́ ni, kò ní ibòmíì. Bùkọ́lá náà mọ̀ pé èmi ni mo gbé fótò yẹn síbẹ̀. Folúkẹ́ ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bùkọ́lá ní tí mi ò bá sọ òótọ́ kó tó di Saturday, òun á sọ ọ́. Kò sì mọ̀ rárá pé ọkùnrin yẹn pè mí lórí fóònù. Saturday yẹn la fẹ́ ṣe dinner láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn volunteer, èmi ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Kí ni kí n dìde sọ?

Láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ jáde, Folúkẹ́ di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọlọ́run ló fi ẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ìwọ nìkan ni mi ò bẹ̀rù nínú gbogbo wọn." Mo dé ibi iṣẹ́, nọ́mbà ọkùnrin yẹn tún pè mí. Mi ò gbé e. Ó tún pè.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún Folúkẹ́ nírọ̀lẹ́ yìí? Ṣé àwọn ọlọ́pàá ni kí n kọ́kọ́ gbé nọ́mbà yẹn lọ bá? Tó bá gbọ́ tó ní òun ń lọ, ṣé kí n dí i lọ́nà? Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ti sá fún ọkùnrin rí, ẹ dákun, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ ohùn yín... ká ní ẹ̀yin ni Folúkẹ́, tẹ́ ẹ gbọ́ pé èmi ni, ṣé ẹ tún lè gbé ọmọ yín sùn nínú ilé mi?