Màmá Abímbọ́lá Àjọkẹ́ Alárápé, Tí Wọ́n Fi Sàréè Ọmọ Pamọ́ Fún

Ní ọdún 1947 ni wọ́n bí Màmá Abímbọ́lá Àjọkẹ́ Alárápé ní agboolé Alágbẹ̀dẹ, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá wọn ń rọ ọkọ́ àti àdá, ìyá wọn ń ta òwú. Ọmọ tó máa ń béèrè ìdí ọ̀rọ̀ ni Màmá láti kékeré, wọ́n sì jẹ ẹgba nítorí ẹ̀.

Ní 1971, wọ́n gbàwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Ní 1974, wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Julius Alárápé, akọ̀wé níléeṣẹ́ èédú, wọ́n sì tẹ̀ lé ọkọ wọn wá sí Enugu. Ní New Haven ni wọ́n ti tọ́ ọmọ mẹ́ta: Ọlájùmọ̀kẹ́, Mọ́tọ́lá àti Adédọ̀tun.

Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi gbẹ̀bí nílùú yìí. Wọ́n bá àwọn Igbo jókòó nígbà ọmúgwọ̀, tí ìyá abiyamọ máa ń wá se ọbẹ̀ ata fún ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n rí bí àwọn Hausa ṣe ń fi omi gbígbóná wẹ abiyamọ. Kò sí ìsọmọlórúkọ Yorùbá ní àdúgbò tí wọn kì í débẹ̀. Nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn, àwọn ni wọ́n máa ń bá opó sùn lálẹ́ àkọ́kọ́. Màmá a máa wí pé nǹkan kan náà ni gbogbo ẹ̀yà ń ṣe: wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ayé dá kọjá.

Ìdí nìyí tí ohun tí àwọn ènìyàn Màmá fúnra wọn ṣe ní 1998 fi dùn wọ́n wọ egungun. Ọ̀kadà ló pa Adédọ̀tun. Alàgbà Ògúnbíyìí Alárápé, ẹ̀gbọ́n Julius, kó àwọn àgbà jọ, wọ́n ti òbí ọmọ náà mọ́ yàrá, wọ́n lọ sin ín, wọ́n sì padà wá láìsọ ibi tó wà. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Wọ́n ní òbí kì í rí sàréè ọmọ. Wọ́n ní àánú ni. Àánú wo? Ẹni tó lóyún rẹ̀, tó fún un lọ́mú, tó lọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ni kò gbọdọ̀ mọ ibi tó sùn sí. Inú ń bí àwọn ọmọ Màmá, wọn kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé òkú Màmá wà nílẹ̀ lónìí.

Màmá kúnlẹ̀ bẹ Alàgbà. Nígbà tí ọkọ wọn, Bàbá Julius, kú ní 2009, wọ́n tún kúnlẹ̀. Àdúrà ni Alàgbà ní kí wọ́n lọ máa gbà. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí itẹ́ òkú ìlú, wọ́n ń fa koríko lórí gbogbo sàréè tí kò lórúkọ, bóyá ti ọmọ wọn á wà níbẹ̀.

Dorothy, aládùúgbò wọn tó jẹ́ ọmọ Igbo, tẹ̀ lé òkú Adédọ̀tun lọ lọ́jọ́ ìsìnkú, torí ọmọ tó ń jẹun nílé rẹ̀ ni. Àwọn àgbà kìlọ̀ fún un pé bí ìyá bá gbọ́, ìyá á kú. Ó bẹ̀rù láti rú èèwọ̀ ẹ̀yà mìíràn, ó panu mọ́. Nígbà tí àìsàn dá Màmá dúbúlẹ̀ lọ́dún yìí, ó wá, ó sunkún, ó sì sọ ọ́.

Ọlájùmọ̀kẹ́ fi mọ́tò gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ni sàréè náà wà, níbi tí Màmá ti máa ń jókòó sinmi lẹ́yìn tí wọ́n bá fa koríko tán. Màmá fọwọ́ pa ilẹ̀ náà títí, wọ́n wá ní: "Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni kí ẹ sin mí sí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èmi náà pamọ́."

Nígbà tí Màmá jáde láyé, Alàgbà ránṣẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí wọ́n gbé òkú lọ. Àwọn ọmọ kọ̀.

Ọlájùmọ̀kẹ́ àti Mọ́tọ́lá ni ọmọ tí Màmá fi sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, Motọ́lání ni àgbà wọn, àti Dorothy tó di ọmọ ìyá.

Alàgbà Ògúnbíyìí wà ní ìjókòó iwájú. Bí a bá dé abẹ́ igi, kí wọ́n yí ojú sẹ́yìn bó bá wù wọ́n: orúkọ ìyá àti ti ọmọ wà lára òkúta kan náà, ó hàn ketekete.

Àjọkẹ́, ẹ ti bá ẹni tí ẹ ń wá. Kí ilẹ̀ Enugu fẹ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ sùn wọra.