Wándé, Má Bá Onígòjé Wọ Ọkọ̀

Egbèje owó ẹyọ ni mo bá Ajíbádé tó mú ìwé yìí wá dúnàádúrà. Mo ti san ìdajì ní Lálúpọn. San ìdajì tó kù kí o tó kà á síwájú, kí o sì fún un lóúnjẹ.

Ṣé dáadáa lo wà? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n máa béèrè rẹ lọ́wọ́ èrò ọ̀nà. Yésúfù baba rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ dúdú bí méjì. Ìkíni parí síbẹ̀, nítorí inú ń bí mi.

Nínú ìwé rẹ, o ní ẹ pé ọgbọ̀n nínú gbọ̀ngàn kan l'Ékòó, òyìnbó ará ọkọ̀ àti ọmọ Sàró, pẹ̀lú gòjé òyìnbó àti fèrè, ọkùnrin kan sì kẹ̀yìn sí àwọn tó sanwó wọlé, kò ta gòjé, kò fọn fèrè, igi ló ń jù lójú yín, ẹ kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ àfi tó bá gbé e sókè. Ta ní ń kẹ̀yìn sí àlejò? Lóko, a mọ ohun tí à ń pe ẹni tó di igi mú lórí ọgbọ̀n ènìyàn.

O ní onígòjé òyìnbó kan wá ń dá sunkún lórí okùn, ẹ̀yin yòókù ń gbè é, àwọn obìnrin ń nu ojú. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló kú. Sàníù onígòjé tiwa, bí o bá ta á lọ́rẹ, á pe orúkọ baba rẹ. Èyí gba ṣílè kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, kò pe baba ẹnikẹ́ni.

O ní ẹ sinmi, ẹ tún ṣe orin mìíràn, èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú láti bí ọgọ́ta ọdún, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi ẹyọ ohùn kan lé ohun tó kọ. Òkú òyìnbó ń rán ọ níṣẹ́, ò ń jẹ́ ẹ. Baba rẹ tó wà láàyè ní kí o wá bá òun tún ilé ṣe, o kò dáhùn.

Gbogbo ìyẹn kò dùn mí tó ìparí ìwé rẹ, pé onígòjé náà fẹ́ mú ọ wọ ọkọ̀ lọ sílùú rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí wọ́n kó mi lẹ́rú wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ ogun òyìnbó ló gbà wá lójú òkun, wọ́n kó wa lọ sí Sàró, níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé tí mo fi ń bá ọ jà yìí. Kí n tó padà dé, koríko ti bo ahoro ilé tí wọ́n sin ìyá mi sí. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn fún baba rẹ, ó ní, “Ṣé ọkọ̀ yẹn máa ń dá ènìyàn padà?” Ó lọ sóko, kò mú ọkọ́.

Ta gòjé ọwọ́ rẹ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á. Kó owó rẹ̀ wá pẹ̀lú èyí tí o tọ́jú fún ọkọ̀, òrùlé yàrá wa ń jò, ogún ìdì koríko àti òṣìṣẹ́ méjì ló máa gbà, mo ti ṣírò rẹ̀. Omi kò ní gbé ọ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣi ọ̀nà ilé. Èmi Títíladé ìyá rẹ kò fẹ́ ìwé ní ìdáhùn, ìwọ gan-an ni mò ń retí, ní Àlàmísì tó bá tẹ̀lé òṣùpá tuntun.