Bọ́ọ̀lù Ogún Tí Mùíz Gbá

Agbolé Alágbẹ̀dẹ,
Àdúgbò Òjomu,
Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Okúdù, ọdún 2025.

Káró mi, Ìyá Gbádé, ọ̀rẹ́ mi láti àárọ̀ ọjọ́,

Ìyàwó Lukman ọmọ mi ti bí o! Obìnrin ni, Màrdíyyàh la sọ ọ́, etí ìyá mi ló sì gbé wá sáyé. Olúwabùnmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ti ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Orúnkún kò jẹ́ kí o wá, ni mo bá jókòó sí àga iwájú dípò rẹ bí ẹni pé èmi gan-an ni Ìyá Ìjọ. Ó tán lórí ìbí àti ìyàwó. Ó ku ìwọ: ṣé orúnkún ọ̀hún ti ń gbọ́ tìrẹ báyìí? Gbádé ńkọ́, àti ìyàwó rẹ̀? Ṣé òjò ti dé Kàdúná? Tiwa ti rọ̀ débi pé àgbàdo ti ga dé mi láyà. Ara èmi le. Ayọ̀ nìkan ni kò jẹ́ kí n lè jókòó sójú kan.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí. Tolúlọpẹ́, olùkọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà, ní kí òun bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ èmi àti Káró ni. Bí o bá kà á dé ìsàlẹ̀, wàá mọ ìdí rẹ̀.

O mọ̀ pé Mùíz, ọmọ Fatimah mi, wà ní yunifásítì ní Tẹ́sáàsì, ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń gbá bésíbọ́ọ̀lù. Má yọ ara rẹ lẹ́nu, èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí èkùrọ́, ẹnì kejì á gbé kóńdó igi dúró dè é. Bó bá gbá a tó fò kọjá ọgbà, ó parí nìyẹn, á kàn máa sáré yípo jẹ́jẹ́ bí ọkọ ìyàwó. Iye irú èyí téèyàn bá gbá ni wọ́n fi ń mọ akọni níbẹ̀. Ní yunifásítì wọn, ẹni tó gbá jù láàárín sáà kan gbá mọ́kànlélógún, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ògiri pápá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọkùnrin náà fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ń gún abẹ́rẹ́ stẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń mú iṣan apá wú bí iṣu. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bá ara wọn fà á: ká pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ká má pa á rẹ́.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kíláàsì. A ò lè kàwé mọ́ lọ́jọ́ náà! Bàbá Kabir káfíńtà dìde, ó ní, “Ṣé abẹ́rẹ́ ló ń bá a wo bọ́ọ̀lù ni? Ẹ gún mi ní abẹ́rẹ́ ọgọ́rùn-ún, kí ẹ fi kóńdó lé mi lọ́wọ́, bí n kò bá ní gbá olùkọ́ lórí!” Ìyá kan tó ń ta gàrí ní Ọwọ̀dé dá a lóhùn: “Ẹni tó bá tẹ ìdí kóńgò wọlé, tó wá tà ju gbogbo wa lọ, ṣé ẹ ó máa kí i ní ọlọ́jà àgbà? Bàbá Kabir, ẹ jókòó jàre, ṣebí ẹ̀yin lẹ fi pákó tútù kan ilẹ̀kùn fún mi.” Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ìyá oníkóńgò ni mo gbè lẹ́yìn. Mo fọ́nnu, Káró. Mo ní ọwọ́ mímọ́ ni ọmọ tèmi máa fi kọjá onítọ̀hún.

Ó sì ń bọ̀ lóòótọ́. Ó ti gbá méjìdínlógún nígbà tí èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Èmi tí ìfẹ́ ọmọ-ọmọ ń pa, mo lọ ra àgúnmu egungun lọ́wọ́ ìyá aláàgbo kan ládùúgbò. Mo ti lò ó rí fún ẹsẹ̀ mi, mo sì jó lọ́jọ́ kejì. Mo rọ ọ́ sínú agolo mílíìkì, mo fi rán Ìdrís, àbúrò ọkọ Fatimah, tó ń lọ sọ́hùn-ún. Mùíz ń fi ògì mu ún láràárọ̀. Èjìká wálẹ̀. Ó tún gbá márùn-ún sí i. Mẹ́tàlélógún! Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé rò pé olè ló wọlé.

Ọjọ́ kẹta ni Fatimah pè mí. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti rí i nínú fídíò pé ojú ọmọ òun ń wú. “Mọ́mì, kí ló wà nínú àgúnmu yẹn?” Mo ní egbò igi ni. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bi ìyá yẹn.” Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ bá a. Kò tiẹ̀ tijú. Ó ní, “Háà, Alhaja, ṣé ẹ rò pé egbò nìkan ló mú yín jó ni? Mo máa ń lọ hóró funfun oníkẹ́míìsì mọ́ ọn.” Ó gbé páálí rẹ̀ jáde. Mo ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ fún Fatimah lórí fóònù, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Fatimah ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ló ní, “Stẹ́rọ́ìdì ni, Mọ́mì. Kì í ṣe irú èyí tí ọkùnrin yẹn gún, ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ni wọ́n. Mùíz ò gbọ́dọ̀ lò ó láìsí ìwé dókítà.” Káró, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí níwájú aláàgbo.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ lọ́hùn-ún. Wọn kò tíì yẹ ìtọ̀ ọmọ náà wò bóyá oògùn wà nínú rẹ̀. Mo ní kó dákẹ́, mo fi ọmú ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo ní àìmọ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, “Màámà, ẹ má bínú. Nínú márùn-ún yẹn, mi ò lè sọ èyí tó jẹ́ tèmi àti èyí tó jẹ́ ti agolo.” Nígbà tó dọjọ́ kejì, ó gbé agolo náà dání lọ bá kóòṣì rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n fẹ́ fi márùn-ún náà sílẹ̀ fún un, nítorí kò mọ̀ọ́mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n yọ wọ́n. Ó padà sí méjìdínlógún.

Eré mẹ́ta péré ló kù nígbà tó padà. Gbogbo wa yí fóònù ká ní pálọ̀ lẹ́yìn ìrun Màgáríbì. Eré kìíní, òfo. Eré kejì, gbàà! Ó fò kọjá ọgbà. Eré kẹta, gbàà! Ogún! Ó tún kù ú ní ẹ̀ẹ̀kan kó dúró de bọ́ọ̀lù. Bàbá Kabir, tí kò ní ọmọ kankan ní Tẹ́sáàsì, ti kúnlẹ̀ síwájú fóònù: “Ẹyọ kan, Ọlọ́run, ẹyọ kan ṣoṣo!” Mùíz gbá a. Ó lọ sókè réré, ó ń lọ, ó ń lọ, ni ẹnì kan bá fò, ó sì hán an létí ọgbà. Ó tán. Ogún. Ọkùnrin alábẹ́rẹ́ ṣì wà lókè lórí ògiri. Ṣùgbọ́n gbogbo pápá dìde dúró fún ọmọ mi, títí kan àwọn tí wọ́n wá bá wọn díje! Mo jó yí agbolé ká láìlo àgúnmu. Ogún péré, Káró, lójú mi ó sì wúwo ju mọ́kànlélógún lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé gan-an ló kù yìí. Ọmọ ogún ọdún gbé agolo rẹ̀ lọ síwájú àgbà. Èmi ti gbé tèmi pamọ́ láti ọdún 1958.

O rántí ọjọ́ tí Gbàdàmọ́sí bàbá mi dá Adétóyè bàbá rẹ lójú agbo. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wá. O rántí pé àwọn àgbà á kọ́kọ́ tú bàǹtẹ́ àwọn oníjàkadì wò, kí ẹnikẹ́ni má baà mú ońdè, oògùn tí wọ́n rán mọ́nú awọ, wọlé. Lẹ́yìn náà ni ọmọ á gbé omi fún bàbá rẹ̀ kó fi bọ́jú. Èmi ni mo gbé omi fún bàbá mi. Ońdè awọ dúdú kan wà nínú igbá náà, lábẹ́ kànìnkànìn. Ó fi kànìnkànìn nu àyà, ó sì ti ońdè bọ bàǹtẹ́. Mo rí i. Kí èèyàn tó gbé itọ́ mì, bàbá rẹ ti fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni o fi ń sọ pé ọwọ́ lásán kọ́, tí mo sì ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìgbéyàwó Gbádé, mo sọ ọ́ níṣojú àwọn àna rẹ pé ẹni tí wọ́n dá kì í gbà pé òun ṣubú. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo ayé ń fi kí wa, èmi sì ń gbé àyà sókè bí ọmọ akin. Dárí jì mí.

Bóyá awọ lásán ni ońdè náà. Bàbá mi lágbára, ó ti dá ọ̀pọ̀ ọkùnrin kó tó di ọjọ́ náà. Bóyá ì bá dá bàbá rẹ láìlò ó. A ò ní mọ̀ láé, ohun tó sì gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì nìyẹn. N kò ní pa orúkọ bàbá mi rẹ́. Akin ni. Ṣùgbọ́n yọ ọ̀kan yẹn kúrò nínú èyí tó dá, bí Mùíz ṣe yọ márùn-ún. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Bá mi kí Gbádé àti ìyàwó rẹ̀. Bàbá Kabir ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́ rí. Ẹran Iléyá rẹ wà nílẹ̀, mo ti dín in gbẹ. Bí o bá bínú, bínú tán kí o tó pè mí. Bí o bá rẹ́rìn-ín, pè mí kíákíá.

Ẹ̀bùn ọjọ́ náà jẹ́ aṣọ òfì kan àti pọ́n-ùn méjì. Òfì ti gbó mọ́ bàbá mi lára. Ní ti pọ́n-ùn méjì, kò sẹ́ni tó mọ iye tó jẹ́ lónìí ní kíláàsì wa, ṣùgbọ́n Bàbá Kabir ní ó ra ewúrẹ́ ńlá kan nígbà náà. Mo lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta ewúrẹ́ ńlá lọ́jà. Gbádé á rí owó náà nínú àkáǹtì rẹ̀ lọ́la. Sọ fún un pé ti bàbá ìyá rẹ̀ ni.

Èmi ni tìrẹ, ọmọ tó gbé igbá omi,
Sàfíyàtù.

Bí báńkì ṣe máa kọ ọ́ nìyí: Ẹ̀bùn ìjàkadì Adétóyè, ọdún 1958, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà.