Má Jẹ́ Kí Wọ́n Pa Àmì Ìbéèrè Yẹn Rẹ́

Ilé Gbàdàmọ́sí,
Ìlobù.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá, 1998.

Bàrákàt Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà níbẹ̀ yẹn? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, omi ẹ̀rọ tí o ní kì í yọ lọ́jọ́sí ńkọ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó lọ́wọ́ òfo, tó fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí ọ lọ́wọ́, kò ní gbà á padà. Ẹni tó bá jókòó de ọ láti ṣe ọ́ ní ibi, orí ìjókòó ni yóò sùn sí. Bí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, a dúpẹ́, kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó sọnù. Bàbá rẹ wà, ojú rẹ̀ nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, lánàá ni ó kí ewúrẹ́ Ìyá Comfort aládùúgbò wa pé ó kú ìrọ̀lẹ́, ó sì ń bínú títí a fi jẹun pé ewúrẹ́ náà kò dáhùn. Òwú àti bọ́tìnnì mi ń tà díẹ̀díẹ̀ lọ́jà, ọlọ́jà kì í sọ pé ó ń tà dáadáa. Àbúrò mi Mọ́ríátù ní Ìfọ́n ní kí n kí ọ, ó ní o ti gbàgbé òun.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, òun àti bébà gígùn tí ẹ tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mọ ibi tó ń lọ, jẹ́ kí n sọ ọ́ padà fún ọ bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. O ní níbi iṣẹ́ yín, ẹ ń ṣe ìwé kan sínú kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè ṣí, tí ẹnikẹ́ni sì lè kọ nǹkan sí, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ wíkì, àwọn ará erékùṣù kan lókè òkun ló ń sọ wíkì wíkì nígbà tí àwa ń sọ kíákíá. O ní ìwọ ni wọ́n yàn pé kí o pinnu, kí oṣù yìí tó parí, ohun tí ìwé náà yóò ní àti bí ojú ewé kan yóò ṣe máa tọ́ka sí òmíràn, àti pé ilé wa ni o fi dán an wò. Bàbá rẹ ní ojú ewé tirẹ̀, Ìlobù ní tirẹ̀, ìrìn àjò wa láti Gánà náà ní tirẹ̀. O ní orúkọ tí wọ́n bá fa ìlà sí nídìí, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ojú ewé rẹ̀ yóò ṣí. Orúkọ tó bá sì ní àmì ìbéèrè lẹ́yìn, kò tíì sí ẹni tó kọ ojú ewé tirẹ̀.

Àṣàkẹ́, a tẹ̀ ẹ́ títí. Mo fi ìka tẹ orúkọ bàbá rẹ tó ní ìlà nídìí, kò ṣí. Mo rò pé epo ọwọ́ mi ni, mo lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo padà wá tẹ̀ ẹ́, pàbó. Bàbá rẹ ní bóyá nítorí pé orúkọ òun ni, ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń dìbò. Bùràímọ̀ télọ̀, tó ń ránṣọ ní Òṣogbo, tó sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé, fi wá rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé a rò pé òfìfo ló fi ń ṣiṣẹ́ ni, iná mànàmáná ló ń jẹ. A wá rí i pé òótọ́ ni, nítorí NEPA kò mú iná wá láti ọjọ́ Ajé. A dúró dè é. Nígbà tí iná dé lọ́jọ́ Sátidé, a tẹ́ bébà náà sábẹ́ gílóòbù, gbogbo ilé rọ̀gbà yí i ká, Bùràímọ̀ fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí. Ó ní iná náà ni kò lágbára tó. Mo ní kí n sọ fún ọ kí o lè bá ọ̀gá yín sọ ọ́, pé ìwé yẹn kò tíì rọrùn fún àwa tí iná wa kéré.

Ní ti ìmọ̀ràn tí o bi mí, inú mi dùn pé o bi mí. O ní láti kékeré ni mo ti ń kọ́ ọ bí a ṣe ń to bọ́tìnnì sínú agolo, tí ẹni tó bá wá ra á yóò fi rí i. Ó dára. O béèrè bóyá kí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sínú ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Ìwé ẹgbẹ́ àdúgbò wa tí akọ̀wé nìkan ń fọwọ́ kàn, ọdún méjì ni wọ́n fi kọ mí ní Músílíátù níbẹ̀, gbogbo èèyàn mọ̀ pé Mùtíátù ni mí, kò sí ẹni tó láyà láti tún un ṣe nítorí pé akọ̀wé lọ sí Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá pa rẹ́, kí ìwé náà máa tọ́jú rẹ̀ sábẹ́. Télọ̀ tó gbọ́n kì í gé etí aṣọ inú dànù, ọmọ lè sanra lọ́la.

Lórí bí ojú ewé yóò ṣe máa tọ́ka síra wọn, ọ̀nà méjì ni o kọ. O ní ẹ lè lẹ orúkọ méjì pọ̀ láìsí àlàfo, bí ẹ ṣe lẹ ti bàbá rẹ mọ́ Gbàdàmọ́sí, kọ̀ǹpútà yóò sì mọ̀ pé ẹnì kan ló wà níbẹ̀. Tàbí kí ẹ fi àkámọ́ ká orúkọ mọ́, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Èyí àkọ́kọ́ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ó fún orúkọ bàbá rẹ mọ́ra bí èrò ọkọ̀ Ẹ̀rìn tó ń lọ sí Òṣogbo lọ́jọ́ ọjà, mi ò mọ ibi tí ó ti ń mí. O tún ní ẹni tó bá ní orúkọ ẹyọ kan kò ní lè ní ojú ewé. Kí ni Comfort yóò wá ṣe? Comfort lásán ni gbogbo wa ń pè é láti Gánà dé ìhín. Àkámọ́ ni kí ẹ yàn. Ọgbà ni àkámọ́, bó ti wù kí orúkọ èèyàn gùn tó, yóò rí ààyè níbẹ̀, òun àti oríkì rẹ̀.

Kí orúkọ púpọ̀ sì lè já sí ojú ewé kan ṣoṣo. O ní ó ṣeé ṣe ṣùgbọ́n ọ̀gá yín ní wàhálà ni. Bá mi kí i, kí o sì sọ fún un pé kì í ṣe wàhálà. Mùtíátù ni mí nílé wa ní Ìfọ́n, Ìyá Bàrákàt ni mí níhìn-ín, Màmá Olówùú ni mí lọ́jà, Ìyàwó ni ìyá ọkọ mi ń pè mí títí ó fi kú. Ẹni tó bá wá mi dé ní Màmá Olówùú, tí ìwé yín bá sọ fún un pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní padà lọ?

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyí. Nínú ojú ewé ìrìn àjò Gánà yẹn, o kọ orúkọ bàbá rẹ, o kọ tèmi, o kọ tìrẹ, o wá kọ Eyínfúnjowó, o sì fi àmì ìbéèrè sí i lẹ́yìn. O ní ọ̀gá yín ti pàṣẹ pé kí ẹ yọ gbogbo orúkọ tó ní àmì ìbéèrè kúrò kí oṣù yìí tó parí, pé ó ń mú ìwé náà dà bí ilé tí wọn kò kọ́ parí lójú àwọn oníbàárà. O tún ní bí o bá tilẹ̀ fẹ́ bá a jà lórí rẹ̀, o kò mọ orúkọ gidi tí obìnrin yẹn ń jẹ́, pé bàbá rẹ kò dá ọ lóhùn nígbà tí o béèrè.

Kò lè dá ọ lóhùn. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ, o ti dàgbà tó. Ọmọ ọdún méjì ni ọ́ nígbà tá a wà ní Kùmásì. Àbúrò bàbá rẹ ni Eyínfúnjowó, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun ló ń pọ̀n ọ́ tí mo bá wà lọ́jà, orin tí ó fi ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún kò já gaara. Èmi kì í pè é lórúkọ, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó. Eyín rẹ̀ funfun, mo sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i. Nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwa tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti bá ìyá kan lọ tajà ní Tákórádí. A ránṣẹ́ sí i, a dúró, kò dé. Ọjọ́ wá ku ẹyọ kan. Bàbá rẹ kò fẹ́ wọ ọkọ̀. Èmi ni mo ní kí a máa lọ, nítorí ara rẹ gbóná, ibà ń ṣe ọ́, mo bẹ̀rù. Mo sọ fún onílé pé bó bá dé, kó sọ fún un pé Ìlobù la lọ. Bóyá ó sọ ọ́, bóyá kò sọ ọ́, mi ò mọ̀.

Mi ò mọ̀wé nígbà náà. Ká ní mo mọ̀wé ni, ǹ bá mú èédú kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Òun ka ìwé díẹ̀, yóò rí i. Ìdí tí mo fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà nìyẹn, lọ́dún tí ìwọ náà wọ pírámárì, tí o ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mo ń kọ lẹ́tà sẹ́yìn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí, Àṣàkẹ́, ó ṣì ń dùn mí. Bàbá rẹ padà lọ wá a ní ọdún 1973, ó dé lọ́wọ́ òfo, láti ọjọ́ náà kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó kò sì lè pè é. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe kúrò nínú ilé wa.

Nítorí náà, má jẹ́ kí wọ́n pa àmì ìbéèrè yẹn rẹ́. Sọ fún ọ̀gá yín pé kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹni tí à ń retí ni. Bí gbogbo ilé bá jẹun tán tí ẹnì kan kò tíì dé, a kì í fọ àwo tirẹ̀, a máa ń fi nǹkan bò ó ni. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ní ẹnikẹ́ni lè kọ sínú ìwé náà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lọ́hùn-ún, ní Kùmásì ni o, ní Tákórádí ni o, lè tẹ̀ ẹ́ kó kọ ohun tó mọ̀. Bóyá iná tiwọn lágbára ju tiwa lọ.

Ní ti orúkọ náà, mo lọ bi Mọ́ríátù ní Ìfọ́n bóyá kíkọ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú pípè. Ó ní rárá, pé bí ẹnu kò bá ti ṣí, èèyàn kò tíì pe nǹkan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, bí ọwọ́ mi bá ń kọ ọ́, ẹnu mi a máa tẹ̀lé e. Ó ní kí n fi eyín di ètè mú. Mo ní kí n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù tán ná.

Owó díẹ̀ ni mo tún fẹ́ tọrọ, má bínú. Dókítà ojú ní Òṣogbo ní bàbá rẹ nílò dígí. Kì í ṣe nítorí ewúrẹ́ o. Bí ẹnì kan bá kọ nǹkan sójú ewé yẹn, mo fẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ kà á. Kí o sì bá wa ra gílóòbù ńlá kan bọ̀ láti Èkó, a ó tún bébà yẹn tẹ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ ní àlọ, yóò ṣọ́ ọ ní àbọ̀. O ò ní rìn sọnù. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka àwọn ọmọ tó dé, wọn ò ní wá ọ tì. Àwọn ọmọ tìrẹ náà yóò mọ ọ̀nà ilé. Àmín, láṣẹ Ọlọ́run.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùtíátù.

Mo ti buwọ́ lù ú, ó ku orúkọ. Fi í sínú àkámọ́, kí Eyínfúnjowó náà já síbẹ̀:

Rísíkátù Àbẹ̀kẹ́ Gbàdàmọ́sí?

Má kọ nǹkan kan sí ojú ewé tirẹ̀ o, o ní bí wọ́n bá ti kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, àmì ìbéèrè yóò lọ. Òun ni kó wá kọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà ni kí o kọ tèmi sí, pé: Ìlobù la wà. Tí ẹ bá dé Òṣogbo, ẹ wọ ọkọ̀ Ìlobù, ẹ béèrè Màmá Olówùú. Ìyàwó yín ló kọ ọ́.

Mo fi eyín di ètè mú, Àṣàkẹ́, ẹnu mi ṣì tẹ̀lé e. Mo rò pé jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́. Bàbá rẹ gbọ́ ọ láti ìta, ó béèrè pé ta ni mò ń pè. Ó tún béèrè pé ṣé ó ti dé ni. Mo ní rárá, kíkọ ni mò ń kọ ọ́. Ó wá ní kí n tún un kọ, kí òun gbọ́.