Orin Ìyàwó Tí N Kò Lè Dá Lóhùn

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Àjàní,
                                        Mushin, Èkó.
                                        13 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Yẹ̀kínnì, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyá Muadh ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé o ń lo òògùn rẹ déédéé? Ó pẹ́ tí mo ti gbúròó rẹ, ọkàn mi ò sì balẹ̀.

Jọmílójú, ọmọ tó gba yàrá iwájú ilé wa, ló ní kí n wá ṣe bàbá ìyàwó nínú eré orin tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe ní Yábàá. Òun ni ìyàwó. Yóò sun ẹkún ìyàwó, yóò kúnlẹ̀ níwájú àga mi, èmi yóò sì fi orin dá a lóhùn pé, "Máa lọ, ọmọ mi, ayọ̀ ni wàá bá níbẹ̀." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Mo ń rò ó pé pákó orí ìtàgé lè ṣẹ́, pé iná lè lọ, pé mo lè gbàgbé orin. Nítorí ìyẹn, nígbà ìdánrawò, ọmọ náà kì í tíì kúnlẹ̀ tán tí n óò ti dáhùn. Victor tó ń tẹ dùùrù á ní, "Bàbá, ẹ rọra o! Ṣé ọmọ yìí ti sú yín ni?" Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín.

Àná la ṣe eré náà. Pákó ò ṣẹ́, iná ò lọ. Jọmílójú kọrin, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún mi, bí Fadilah ọmọ mi ṣe ṣe ní pálọ̀ wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ìwọ náà wà níbẹ̀, o gbọ́ bí mo ṣe ní kó máa lọ. Ọdún náà ò yí po tó fi kú lórí ìkúnlẹ̀ nílé ọkọ.

Ó wá kan èmi láti kọrin. Jọmílójú tún orin rẹ̀ kọ, ó ń dúró dè mí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Má lọ mọ́. Jókòó tì wá."

Ó rọra sọ sí mi létí pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ n lọ, ẹ jọ̀ọ́."

N kò fi í sílẹ̀. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé bí a ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Làbákẹ́ ìyàwó mi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ti fi ìborùn bojú.

Láàárọ̀ yìí ni Victor wá kí mi. Ó ní a óò tún un ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀, pé kí n dá ìyàwó dúró bí mo ṣe dá a dúró yẹn gẹ́lẹ́. Kí ni kí n sọ fún un, Yẹ̀kínnì? Bó ti wù kí n dì í mú tó, tí orin bá parí, yóò dìde lọ náà ni.

Bá mi kí gbogbo ilé. Mo gbọ́ pé ọjọ́ ìkúnlẹ̀ Haleemah ọmọ rẹ ti sún mọ́lé. Ẹ má jẹ́ kó dá wà o. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó dá wà.

Ọ̀rẹ́ rẹ ni mí títí,
Mùktárù.