Omi Ọmú Tí Mo Ń Dà Sí Ìdí Igi Kajú

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Kútọnu, àádọ́ta fáránkì ni agolo mílíìkì kan, owó búrẹ́dì gígùn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Lónìí, ní fáámásì tó wà lọ́nà ojú irin níbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, agolo mílíìkì ọmọdé ju ẹgbàajì fáránkì lọ. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní arúgbó ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn àtijọ́... Ẹ dákun, ẹ fara dà á fún mi. Òpùrọ́ ni mí. Ọmọ-ọmọ mi ń rù lọ́wọ́ mi, èmi nìkan ni mo mọ ìdí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé yìí.

Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ kan. Ó bímọ ọkùnrin, ó gba kọ́nje ìbímọ, kọ́nje parí, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ wà ní Gàbọ́ọ̀nù, ó ń pè lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìpè kì í bọ́ ọmọ. Ọmú nìkan ni ọmọ náà mọ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò wọ krẹ́ṣì, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ fún àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ife kékeré mu omi ọmú tí ìyá rẹ̀ bá fún sílẹ̀. Èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi. Mo ní èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣé ife ni n kò ní lè kọ́ ọmọ-ọmọ mi?

Kò gbà. Mo fi ife, ó yí orí. Mo fi ṣíbí, ó fi ahọ́n tì í. Agolo fáámásì yẹn, mo rà á, ó tu ú síta. Mo pọ̀n ọ́n, mo ń yí ilé ká, àwọn obìnrin àdúgbò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Bàbá Pùròfẹ́sọ̀ (bí a ṣe ń pe olùkọ́ níbí nìyẹn), ẹ kú ọmọ o, ọmú yín ńkọ́? Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan mo mú ìró tí ìyá rẹ̀ fi sùn, mo fi bo àyà kí ọmọ lè gbóòórùn rẹ̀... Ó gbọ́ ọ lóòótọ́. Ó dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu wá ọmú lórí àyà mi, àyà arúgbó tó kún fún irun funfun, ó wá a títí. Igbe tó ké nígbà tí kò rí i, etí mi kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ni mo bá rántí bí ìyá mi ṣe máa ń rọ ọmọ. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n: ìyá á jókòó sórí àpótí, á tẹ́ ọmọ sórí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ife sí i lẹ́nu, á máa da ẹ̀kọ sí i, bí ọmọ bá ṣe ń ké ni yóò máa gbé e mì. Sáàfámù tó gbẹ̀bí rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa pé ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Mo ṣe é. Mo fi omi ọmú rọ ọ́. Ó há a, ojú rẹ̀ yí, mo dojú rẹ̀ dé, mo ń gbá a lẹ́yìn, mo ń pe orúkọ ìyá mi tó ti kú... Ó mí. Ife ti dà nù nígbà yẹn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé, inú ife ló kọ́kọ́ wò, ó ní Bàbá, ṣé ó mu ún ni? Kí n tó la ẹnu, ó ti kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún, ó sì ń pe ọkọ rẹ̀ pé Bàbá ti ṣe é. N kò lè sọ pé rárá. Ṣé ẹ̀yin ìbá lè sọ ọ́?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń da omi ọmú náà sí ìdí igi kajú ẹ̀yìnkùlé, tí mo ń fọ ife, tí mo ń sọ pé ó mu ún. Tẹ́lẹ̀, ọmọ mi máa ń gun zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò, wálé lọ́sàn-án láti fún un lọ́mú, ọ̀gá rẹ̀ a sì máa kùn. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ ń mu ife, kò wá mọ́. Nítorí náà, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àfi ẹ̀kán tí mo bá rí kán sí i lẹ́nu. Á ké títí oorun á fi gbé e lọ. Bí ìyá rẹ̀ bá dé, á rọ̀ mọ́ ọmú bí ẹni tí odò ń gbé lọ, ìyá rẹ̀ á ní ẹ wò ó, Bàbá, ẹ wo bó ṣe fẹ́ràn mi.

Omi ọmú náà ti ń gbẹ báyìí. Èyí tó máa ń kún ife láàárọ̀ kò dé ìdajì mọ́. Wọ́n gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n, wọ́n ní kò lékún. Ọmọ mi ní ọmú òun ni kò dára. Ó ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀pà, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó ń sunkún nínú ilé ìwẹ̀. Lánàá ni Àlájà aláṣọ, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ pín ògiri, bi í léèrè bóyá ẹnì kan ń da omi ọmú rẹ̀ sílẹ̀, pé ọmú tí èèrà bá lá, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ni yóò dà á, Àlájà? Bàbá kì í jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò. Mo jókòó níbẹ̀. Àlájà wò mí, ó ní Bàbá Pùròfẹ́sọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ ohun alààyè ni mo kà ní yunifásítì. Mo mọ̀ pé ọmú tí ọmọ kò mu lọ́sàn-án ló ń gbẹ, kì í ṣe ti èèrà. Bí ti Àlájà bá jẹ́ òótọ́, èmi ni. Bí ti ìwé bá jẹ́ òótọ́, èmi náà ni...

Bí mo bá jẹ́wọ́, yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, mo mọ ọmọ tí mo bí, iṣẹ́ yẹn sì ni gbogbo wa ń jẹ. Kò ní gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́ mọ́ láéláé. Bí mo bá dákẹ́, yóò gbé e fún àlejò lọ́jọ́ Ajé, yóò fi ìdùnnú sọ fún wọn pé ọmọ òun mọ ife... ṣé wọn ó pe ìyá rẹ̀ tí kò bá mu? Àbí wọn ó ní ó ń ṣe ìjọ̀ngbọ̀n lásán ni? Kí ni kí n ṣe? Ẹ má wulẹ̀ ní kí n wá ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti wá wọn. Ìyàwó mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Bẹsé ti kú. Ìyàwó àbúrò mi ní Bọ́nì ti kú. Àbúrò ìyá mi ní Ọ̀kpárá wà láàyè, mo gbé ọmọ lọ bá a, ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Èmi wà láàyè. Ọmọ náà wà láàyè, ó wà lórí itan mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ti ké títí ohùn rẹ̀ fi há, ìka mi ló ń fà mu. Ìyá rẹ̀ máa tó wọlé. Tó bá bi mí pé Bàbá, ṣé ó mu ún... ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ?