Màmá Vernell Tolliver, Ẹni Tí Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Ohùn Wa Dànù

Ní ọdún 1937, nínú oko òwú kan lẹ́bàá Belzoni ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ni a bí Màmá wa, Vernell Tolliver, sínú ìdílé Gaddis. Bàbá wọn, Roosevelt Gaddis, ń dáko òwú lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ìyá wọn, Luvenia, ló máa ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà, àwọn tó sì gbọ́ ọ sọ pé kò sí ohùn tó dà bí ohùn rẹ̀ ní gbogbo agbègbè.

Màmá kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ nígbà tí Luvenia kú. Ẹnikẹ́ni kò gba ohùn náà sílẹ̀. Títí di ọjọ́ ogbó wọn ni wọ́n ń sọ ọ́ fún wa pé: “Mo rántí aṣọ ìyá mi, mo rántí ọwọ́ rẹ̀ nínú irun mi. Ohùn rẹ̀ ni mi ò rántí mọ́.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti wá.

Ní 1949, àǹtí wọn Odell mú wọn wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Síkágò, sí apá gúúsù ìlú tí gbogbo wa wà yìí. Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1955, wọ́n sì lọ kọ́ iṣẹ́ títún rédíò ṣe. Olùkọ́ wọn sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Màmá ní, “Kí rédíò náà wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.” Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe jẹun títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ní 1961, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Cleophus Tolliver, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin lọ́sàn-án, tó ń ta béèsì, ohun èlò orin olókùn, nírọ̀lẹ́. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní 1968, Lucius Bohannon tó ń fọn fèrè sáàsì kó àwọn olórin jáàsì àdúgbò jọ, wọ́n sì sọ ara wọn ní Ẹgbẹ́ Ìdìde. Bàbá wa Cleophus wà lára wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: wọn kì í gbowó lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní fèrè. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi tó bá kẹ́yìn oṣù, yàrá abẹ́ ilẹ̀ ìjọ Gílíádì Tuntun, níbi tí Màmá ti ń sin Ọlọ́run títí dọjọ́ ikú wọn, máa ń kún fọ́fọ́ fún eré wọn. Orin àdúrà ni wọ́n ń kọ, àmọ́ kì í ṣe àdúrà àwọn tó ń bẹ̀rù. Olúkúlùkù á gbé ìkòkò tirẹ̀ wá: ẹ̀fọ́ tí a fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ sè, ẹja díndín, búrẹ́dì àgbàdo. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹlòmíràn pé kó panu mọ́.

Màmá tún ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tí àwọn kan ti jù sọnù ṣe, wọ́n sì gbé e lọ síbẹ̀. Dípò kí wọ́n gbé makirofóònù síwájú àwọn olórin, àárín èrò ni wọ́n so ó rọ̀ sí, lókè àga àwọn ìyá ìjọ, nítòsí ilé ìdáná. Nígbà tí Bohannon gbọ́ téèpù àkọ́kọ́, inú bí i. Ohùn Eulalie, àgbà ìyá ìjọ, ló gba gbogbo ẹ̀ kan.

“Vernell, fèrè mi dà? Ìyá Eulalie ni mò ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.”

“Fèrè yín wà ńbẹ̀, Bọ̀dá Lucius. Ìyá Eulalie ló ń pè é, tó ń dá a lóhùn. Ẹ tún un gbọ́.”

“Ìkòkò ta ló wá ń ró gbàngàn yẹn?”

“Tèmi ni. Ẹ ò béèrè nígbà tẹ́ ẹ ń jẹ ohun tó wà nínú ẹ̀.”

Bohannon rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, makirofóònù kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Bohannon kú ní 1989, ẹgbẹ́ náà sì tú ká. Bàbá wa Cleophus tẹ̀ lé e ní 1994. Àwọn téèpù wà nínú páálí bàtà lábẹ́ tábìlì ìjẹun wa. Ní 2006, ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù gbúròó wọn, ó sì rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá pẹ̀lú òdòdó. Ó ní gbogbo ayé ló máa gbọ́ orin náà, kí wọ́n sáà jẹ́ kí òun yọ ariwo kúrò.

“Ariwo wo nìyẹn, ọmọ mi?”

“Àwọn tó ń ké lẹ́yìn, mà. Ọmọ tó ń sunkún yẹn. Ẹ̀rọ ti wà báyìí tó lè yọ gbogbo ẹ̀ dànù, á wá ku orin nìkan.”

“Ọmọ tó ń sunkún yẹn ti dàgbà, nọ́ọ̀sì ni. Ẹni tó ń ké yẹn ti kú, àwọn ọmọ ẹ̀ ò sì ní ohùn ẹ̀ níbòmíì. Gbé òdòdó ẹ sílẹ̀ kó o máa lọ.”

Ó gbé e sílẹ̀. Òrùlé ilé wa ń jò lọ́dún náà, owó ilé iṣẹ́ náà ì bá sì tún un ṣe. Màmá gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò, wọ́n gbé téèpù sún síbi gbígbẹ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà padà wá, wọ́n tún lé e. Kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn, kálukú á ṣe ọdẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn kan ń sọ ọ́ ládùúgbò pé olórí kunkun ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, olórí kunkun ni wọ́n, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un.

Ní 2014, àwọn ọmọ àdúgbò yìí, tí Bohannon kọ́ bàbá wọn ní fèrè, ló tẹ àwọn téèpù náà jáde láìgé ohunkóhun. Màmá jókòó tì wọ́n títí iṣẹ́ fi parí. Ẹ̀dà wọn wà ní ilé ìkàwé àdúgbò, ẹni tó bá sì fẹ́ gbọ́ ìyá rẹ̀ àgbà lè lọ jókòó síbẹ̀. A ti rí ọkùnrin arúgbó tó bú sẹ́kún níbẹ̀ nítorí ó gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀.

Màmá sùn nínú Olúwa ní oṣù kẹta ọdún yìí, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: Delphine, Amos àti Ruthanne, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ àti àtọmọdọ́mọ.

Nígbà tí wọ́n kú, àyà wa já. Wọ́n gba ohùn gbogbo èèyàn sílẹ̀. Ta ló gba tiwọn? Ruthanne ló ní kí a gbọ́ ìparí téèpù. Lẹ́yìn tí fèrè ti dákẹ́, kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ, ohùn obìnrin kan ń bọ̀ láti ilé ìdáná: “Ṣé gbogbo yín ti jẹun?” Bẹ́ẹ̀ ló wà ní ìparí gbogbo téèpù. Ohun tí ilé iṣẹ́ yẹn ì bá kọ́kọ́ gé dànù nìyẹn.

A ó fi téèpù náà sẹ́rọ kí gbogbo wa gbọ́ ọ, kí a tó gbé pósí jáde lónìí. Ẹ má panu mọ́ o. Ẹ ké bó bá ṣe ń ṣe yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ sunkún. Nígbà tí Màmá bá sì bi yín, ẹ dá wọn lóhùn.

Ẹ sùn re o, Vernell, ọmọ Luvenia. A ti jẹun, mà. A yó.